Ẹ̀kọ́ Ojú-ọjọ́ Wà Lọ́fẹ̀ẹ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí òjò ńlá bá ń bọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ní oṣù Karùn-ún, apá ìlà oòrùn ni ojú ọ̀run sábà máa ń ti kọ́kọ́ ṣú. Bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tó ń fẹ́ sí wa lára, láti orí òkun ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló ti ń wá. Kí ló wá ń ti òjò bọ̀ láti òdìkejì?

Ìdáhùn rẹ̀ wà lókè. Ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ líle kan máa ń sáré láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lásìkò òjò. Ohun tó ń fà á ni pé aṣálẹ̀ Sàhárà gbóná gidigidi, etí òkun sì tutù jù ú lọ. Bí àwọsánmà òjò bá ga dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí á máa gbá wọn lọ, wọ́n á tò gbọọrọ, ọ̀rinrin tó ń ti òkun bọ̀ nísàlẹ̀ á sì máa bọ́ wọn. Díẹ̀ nínú òjò náà á gbẹ kó tó kanlẹ̀, èyí á mú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tutù kó sì wúwo, á já wálẹ̀, á tú síwájú. Ìjì tó máa ń ká páànù kí òjò gan-an tó dé nìyẹn.

Irú àlàyé báyìí ló kún inú MetEd, ilé-ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ètò COMET ń bójú tó ní ìlú Boulder, ìpínlẹ̀ Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọdún 1989 ni UCAR, àjọ tí àwọn yunifásítì tó ń ṣèwádìí nípa òfuurufú para pọ̀ dá, àti iléeṣẹ́ ojú-ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà gbé COMET kalẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ ojú-ọjọ́ lè máa bá ìmọ̀ tuntun rìn. Ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ ló lè wọlé, kò sì ní san kọ́bọ̀. Ọgọ́ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ló wà níbẹ̀: omíyalé, ìgbì òkun, sùnámì, iná igbó, ojú-ọjọ́ fún awakọ̀ bàálù. Ẹni tó bá yege nínú ìdánwò ìparí á gba ìwé-ẹ̀rí.

Èyí tó kan Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n nínú wọn ni ASMET. COMET, àwọn olùkọ́ láti Áfíríkà àti EUMETSAT, àjọ sátẹ́láìtì Yúróòpù tó fìdí kalẹ̀ sí Darmstadt ní Jámánì, ló jọ ṣe é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Sátẹ́láìtì Meteosat ni wọ́n fi ń kọ́ni, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí òkè Òkun Guinea gan-an ni ibùdó rẹ̀, ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 sókè. Ìran kẹta rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sókè ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká wo àwòrán kan. Àwọsánmà funfun méjì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì jọra. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣí àwòrán ooru. Orí ọ̀kan tutù tó ìwọ̀n 70 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius: ó ga, ààrá wà nínú rẹ̀. Orí ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tó ilẹ̀ tó bò: kùrukùru lásán ni. Ní àsìkò ọyẹ́, wọ́n á pa àwọn àwòrán pọ̀ títí eruku tó ti Bodélé ní Chad gbéra á fi hàn ní àwọ̀ píǹkì, kó tó dé pápákọ̀ òfuurufú wa.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́: òun ló ń jẹ́ kéèyàn lè kìlọ̀ kí òjò tó ṣọṣẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, òjò tó lé ní mìlímítà 260 rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, ọ̀pọ̀ èèyàn sì di aláìnílé.

Òótọ́ ni pé ìwé-ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò sọ èèyàn di onímọ̀ ojú-ọjọ́. Ẹni tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe ṣì ní láti lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ lójúkojú, bíi yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, tàbí ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àjọ ojú-ọjọ́ Nàìjíríà, NiMet, ní Òṣòdì, tí àjọ ojú-ọjọ́ àgbáyé fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n fún olùkọ́ jọ́gíráfì tí kò rí ìwé tuntun, tàbí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tó ń ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú-ọjọ́ láràárọ̀ láìyé e, kò sí ibi tó dára ju MetEd lọ láti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó kù sí ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù, Sípáníìṣì àti Faransé tẹ̀ lé e. Kò sí Yorùbá. Àgbẹ̀ tó fẹ́ gbin àgbàdo ní Ṣakí fẹ́ mọ̀ bóyá òjò tó rọ̀ lánàá á tẹ̀ síwájú, àbí á dá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kí irúgbìn jóná mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin onímọ̀ ojú-ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mú ẹyọ ẹ̀kọ́ kan, ẹ tọrọ àṣẹ, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un lórí rédíò kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.