Ta Ni Ó Jẹ̀bi Ẹ̀jẹ̀ El Mozote?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1981, nígbà ogun abẹ́lé El Salvador, ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun ìjọba wọ abúlé El Mozote àti àwọn ìletò àyíká rẹ̀. Wọ́n pa ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000, àtọmọdé àtàgbà. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ó kọ́ àwọn ọmọ ogun náà ní iṣẹ́ ogun, tí ó sì fún wọn ní ìbọn. Obìnrin kan tí ó yè, Rufina Amaya, ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà wí pé kò sí ẹ̀rí. Ní ọdún 1992, a hú egungun ọmọdé tí ó lé ní 100 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.