Títo Kọ̀ǹpútà láti Dé Àká Ọ̀rọ̀ tí ó Wà ní Ọ̀nà Jíjìn

Ní Parakou, níbi tí èdè Yorùbá-Nàgó, Baatonum àti Dendi ti ń pàdé lójoojúmọ́, iṣẹ́ pọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kó ọ̀rọ̀ jọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà bá kọ sílẹ̀ ní Titirou kò lè ran olùwádìí lọ́wọ́ ní Cotonou, tí ó jìnnà ju 400 kìlómítà lọ, àfi bí àwọn méjèèjì bá ń lo àká kan náà. Àká ọ̀rọ̀ ni àkójọ ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ àti àpẹẹrẹ tí a tò lẹ́sẹẹsẹ sínú kọ̀ǹpútà kan, tí ó sì ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn láti òkèèrè. Iṣẹ́ méjì ni ó wà nínú títo kọ̀ǹpútà láti dé ibẹ̀: ṣíṣí ọ̀nà, àti ìfohùnṣọ̀kan lórí lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ a máa ṣe èkíní, wọn a sì gbàgbé èkejì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́.

1. Ṣíṣí ọ̀nà

Ohun márùn-ún ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ alábòójútó àká: àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tí àká wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà, orúkọ àká, orúkọ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Bí ó bá jẹ́ PostgreSQL ni a fi kọ́ àká náà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ a máa jẹ́ 5432. Ti MySQL a máa jẹ́ 3306.

Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé PostgreSQL kalẹ̀, àwọn tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà nìkan ni ó ń dá lóhùn. Nítorí náà, alábòójútó ní láti yí ìlà listen_addresses padà, kí ó sì kọ àwọn tí ó lè wọlé sínú fáìlì pg_hba.conf. Kò yẹ kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé: ó sàn kí òṣìṣẹ́ gba ọ̀nà ààbò SSH kọjá, kí a sì fún ẹni tí ó wá kàwé lásán ní àṣẹ kíkà nìkan. Ní Titirou, a ó fi ètò psqlODBC sínú kọ̀ǹpútà, òun ni yóò máa ṣe ògbufọ̀ láàrin àká àti ètò tí òṣìṣẹ́ fi ń kọ̀wé.

2. Ìfohùnṣọ̀kan lórí lẹ́tà

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Bí ìlànà nọ́ńbà kọ̀ǹpútà méjèèjì kò bá bára mu, «igbá» lè di «igbÃ¡». Ìlànà WIN1252, tí ó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà Windows tí a tò ní èdè Faransé, ní á àti à, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ɛ tàbí ɔ. UTF-8 ni ó gba gbogbo wọn. Nítorí náà, UTF8 ni kí òṣìṣẹ́ kọ sí ibi tí a ti béèrè client_encoding.

Ìṣòro mìíràn wà tí ojú kò lè rí. A lè kọ «ọ́» ní ọ̀nà mẹ́ta: ọ pẹ̀lú àmì òkè, ó pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, tàbí o pẹ̀lú àmì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú ènìyàn ọ̀kan ni. Lójú àká, mẹ́ta ni, ẹni tí ó bá fi ọ̀kan wá ọ̀rọ̀ kò ní rí èyí tí a fi òmíràn kọ. Ìlànà NFC ni a fi ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Láti ẹ̀dà 13 tí ó jáde ní 2020 ni PostgreSQL ti lè ṣe èyí fúnra rẹ̀.

3. Àkọtọ́ méjì

Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin, tí a ṣe ní 1975 tí a sì tún yẹ̀ wò ní 1990, ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp, níbi tí ti Nàìjíríà ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p. «Ɔshɛ» níhìn-ín ni «ọṣẹ» lọ́hùn-ún. «Ɔ̀kpɛ» ni «ọ̀pẹ». NFC kò lè so àwọn wọ̀nyí pọ̀. Ó yẹ kí àká ní àyè kan fún ọ̀rọ̀ bí a ti kọ ọ́, àti àyè kejì fún àkọtọ́ kan ṣoṣo tí a ó máa fi wá a.

4. Ìdánwò

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ méje wọ̀nyí ránṣẹ́: igbá, ìgbà, igba, ìgbá, igbà, ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ. Kí ó parí rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ COMMIT, nítorí bí iná bá lọ ṣáájú àṣẹ yìí, àká yóò da gbogbo ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ nù. Lẹ́yìn náà, kí ó jáde, kí ó tún wọlé, kí ó sì kà wọ́n. Bí méjèèje bá padà dé pẹ̀lú àmì wọn, ọ̀nà dára. Bí àmì bá sọnù, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí ó ń lọ, igba owó, ìgbá tí a ń jẹ àti igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ yóò di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí yóò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́ ní Cotonou. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ má ṣe ju ìwé tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ nù.