Abẹ́rẹ́ Mẹ́ta Lọ́jọ́ Kan: Ẹ Má Bẹ̀rù Abẹ́rẹ́, Ọjọ́ Ni Kí Ẹ Kà

Admin yín ni. Àwọn tí dátà wọn kì í gbé ohùn la tẹ èyí fún, ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó wà ní Suleja àti Bida.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Kure, tó ń múra Hajj, ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì sọ pé àwọn máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: ti ibà pọ́njú, ìyẹn yellow fever, ti yírùnyírùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, àti ti polio. Wọ́n ní, "Admin, ṣé wọn ò ní pa mí báyìí? Ṣé kí n kúkú máa gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù?" Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ Guangzhou àti India náà gbá a mú. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ rántí káàdì àjẹsára ọmọ yín ná. Ní Nàìjíríà níbí, bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń gún un ní ti éèyí, ti yellow fever àti ti yírùnyírùn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ńkọ́? Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń gún un, àrùn márùn-ún ló ń dènà, wọ́n á tún gún òmíràn lé e, wọ́n á sì kán ti polio sí i lẹ́nu. Ó sunkún díẹ̀, ara ẹ̀ gbóná lóru, ilẹ̀ mọ́, ó ń mu ọmú. Ohun tí ọmọ ọwọ́ gbà tí kò kú, ṣé àgbà tó ń gbé béélì aṣọ ni kò ní lè gbà á? Eruku tá à ń fà símú nínú ọjà lójoojúmọ́, kòkòrò inú ẹ̀ ju ti abẹ́rẹ́ mẹ́ta lọ fíìfíì.

Kódà, ìgbà míì wà tí kéèyàn gbà á pọ̀ ló dáa jù. Abẹ́rẹ́ yellow fever, kòkòrò ààyè ló wà nínú ẹ̀, wọ́n kàn ti gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ti éèyí náà bẹ́ẹ̀. Irú ààyè méjì báyìí tí wọ́n ń gún, ẹ gbà wọ́n lọ́jọ́ kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí àárín wọn. Ẹ wò ó bíi ti ọjà: bí àwọn ọdẹ bá gbúròó olè lónìí, wọ́n á máa ṣọ́ ọjà lójú méjèèjì fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àlejò tó bá wọlé lásìkò yẹn, wọ́n á lé e dànù kí wọ́n tó wo ojú ẹ̀ dáadáa. Abẹ́rẹ́ kejì á kàn ṣòfò ni, ara ò ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá jọ wọlé, ọdẹ á wo ojú àwọn méjèèjì. Ti yírùnyírùn, ti hepatitis B àti ti polio tí wọ́n ń gún, kò sí ààyè nínú wọn, ẹ lè gbà wọ́n lọ́jọ́ yẹn tàbí ọjọ́ míì. Kí wọ́n ṣáà gún un sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọjọ́. Yẹ́lò káàdì kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gún yín. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀, torí pé ìgbà yẹn ni ara tó ti kọ́ iṣẹ́ náà tán. Wọ́n gún yín lọ́jọ́ kẹta oṣù, ọjọ́ kẹtàlá ni káàdì tó mú. Ti yírùnyírùn tí Saudi ń béèrè náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó dé ọ̀hún. Ti polio ló gùn jù: ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kẹ́ ẹ tó gbéra, kó má sì ju oṣù méjìlá lọ. Ẹ máa sọ pé ṣebí wọ́n ti kéde lọ́dún 2020 pé polio ti tán ní Áfíríkà. Òótọ́ ni, ti inú igbó ló tán. Irú tó ti ara àjẹsára ẹnu yíra padà níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ò ti gba àjẹsára ṣì wà láàárín wa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé tíkẹ́ẹ̀tì, kó ti lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kó gba gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, ọkọ̀ òfurufú á fò kó tó parí.

Ẹ má rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ní March 2012, South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà ní Johannesburg, wọ́n ní yẹ́lò káàdì wọn ò pé. Àwọn oníṣòwò wà níbẹ̀, àwọn tó ń lọ kí ẹbí wà níbẹ̀. Ìjọba wa náà dá àwọn ọmọ South Africa padà, ọ̀rọ̀ di ńlá, kò pẹ́ South Africa tọrọ àforíjì. Àforíjì yẹn dáa. Ṣùgbọ́n ta ló máa dá owó ọjà tó bàjẹ́ padà fún oníṣòwò? India tún le ní tiẹ̀, wọ́n lè tì yín mọ́lé títí dé ọjọ́ mẹ́fà.

Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra káàdì ní gáréèjì láìgún abẹ́rẹ́, ẹ gbọ́ o. Láti 2019 ni káàdì tuntun ti ní àmì tí wọ́n ń fi fóònù wò. Bí orúkọ yín ò bá sí nínú kọ̀ǹpútà, bébà lásán lẹ mú dání. Ẹ̀fọn ò sì mọ káàdì. Ìfẹ́lódùn ní Kwara, tí kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni yellow fever ti yọjú padà lọ́dún 2017. Ọdún yẹn kan náà ni sankarau pa èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Nàìjíríà, Niger State tiwa yìí wà nínú ẹ̀.

Àwọn kan ń pariwo pé oògùn òyìnbó ni, wọ́n fẹ́ fi pa wá. Ọdún 1927 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ọmọ Ghana kan tó ń jẹ́ Asibi, tí yellow fever ń bá jà. Ó yè é. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Max Theiler fi ṣe àjẹsára tí gbogbo ayé ń gbà títí dòní, òun ló gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1951. Ara tiwa ló ti wá, ẹ má sá fún un.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ jókòó síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Apá lè dùn yín lọ́jọ́ náà. Ti yellow fever lè fa ẹ̀fọ́rí àti ara ríro lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Parasitámó̀lù ti tó, kì í ṣe ibà tuntun. Aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ tí kò pé oṣù mẹ́sàn-án lọ́mú, ẹni tí ẹyin kì í bá lára mu, ẹni tó ń lo oògùn HIV tàbí ti jẹjẹrẹ, àti ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò gbà á rí, ẹ sọ fún dókítà ná. Ó lè kọ lẹ́tà fún yín dípò abẹ́rẹ́.

Ọ̀kan ṣì kù. Bí ẹ bá dé bodè tí wọ́n ní káàdì yín ti kú torí pé ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ 11 July 2016, yẹ́lò káàdì di ti ọjọ́ ayé, títí kan èyí tẹ́ ẹ ti gbà ṣáájú. Ẹ fohùn tútù sọ fún wọn, ẹ dúró.

Ọjọ́bọ̀ ni èmi àti àwọn mẹ́rin ń lọ Abuja, sí ọ́fíìsì Port Health. Ọkọ̀ á gbéra ní Mobil laago mẹ́fà àárọ̀, àyè mẹ́ta ló kù. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání, kí orúkọ lórí káàdì bá tinú ẹ̀ mu létà-sí-létà.