Ẹ Yan Báàfù Kí Ẹ Tó Yan Áńpílì

Ọ̀rọ̀ ọjà la mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ìlera etí wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí bàbá, kí ìyá, kí àwọn ọ̀dọ́ jọ gbọ́ ọ.

Tí a bá ta kajú tán, owó a máa wọlé díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń kó owó àjọ jọ pé àwọn fẹ́ ra áńpílì àti báàfù. Àwọn kan fẹ́ ẹ fún ìpàdé, àwọn kan fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, àwọn kan fún ìkómọ àti ìsìnkú, àwọn mìíràn fún ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n á rán ẹnì kan lọ sí ọjà Arzèkè ní Parakou, tàbí kí wọ́n rán an títí dé Cotonou. Ẹni tí wọ́n rán á débẹ̀, á ní: "Èwo ló lágbára jù?"

Ìbéèrè yẹn ló ń jẹ owó. Ohun tó yẹ kó béèrè ni pé: "Èwo ló bá báàfù wa mu, tó bá iná wa mu, tó sì bá owó wa mu?" Áńpílì àti báàfù dà bí akọ màlúù méjì tí a so pọ̀ láti túlẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń fà ju èkejì lọ, ebè ò ní tọ́, ọ̀kan á sì ṣèṣe.

Ibo lẹ máa lò ó?

Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí èyí kí ẹnikẹ́ni tó wọ mọ́tò. Inú yàrá ni àbí ìta gbangba? Ní ìta, kò sí ògiri tó máa dá ohùn padà. Ẹni tó jìnnà sí báàfù ní mítà 8 ń gbọ́ ohùn tó fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 kéré sí ti ẹni tó wà ní mítà 4. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì yìí, tí wọ́n ń kọ ní dB, ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó. Tí ẹ bá tún sún sí mítà 16, 6 mìíràn á tún lọ.

Èyí tí wọ́n ń pè ní home cinéma, yàrá ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá rí 5.1 lára rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni báàfù márùn-ún àti ẹyọ kan tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó ń dún gbì-gbì. Ó dáa fún fíìmù àti bọ́ọ̀lù nínú ilé. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti rédíò, báàfù méjì tó dáa ti tó. Ẹni tó bá ta home cinéma fún yín pé kí ẹ fi ṣe ìsìnkú ní ìta, bàtà ilé ló tà fún ẹni tó ń lọ sóko.

Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn báàfù

Báàfù ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, torí òun ló ń sọ̀rọ̀ sí wa létí. Ẹ yí i padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ ò bá mọ̀wé kà, ẹ mú ọmọ ilé ìwé kan dání.

Èkíní ni wáàtì. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RMS sí. Ìyẹn ni agbára tó lè gbé láìdáwọ́dúró. Tí ẹ bá rí PMPO, ẹ̀rọ̀ yẹn ń fọ́nnu ni, kódà bí wọ́n kọ 2000 sára páálí. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mú áńpílì tó ń purọ́: ẹ wo iye wáàtì tó ń gbà lára iná, ó máa ń wà níbi tí wáyà iná ti wọlé. Áńpílì tó ń gba wáàtì 60 lára iná kò lè máa tú 500 jáde láìdáwọ́dúró. Ohun tí kò wọnú ìkòkò, kò lè ti inú ìkòkò jáde.

Èkejì ni óòmù, àmì rẹ̀ ni Ω, ó dà bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ ó rí 8, tàbí 6, tàbí 4. Ẹ rò ó bí ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń kéré sí i ni ẹnu ọ̀nà ń fẹ̀ sí i, tí áńpílì sì ń ṣe làálàá. Ẹ̀yìn áńpílì máa sọ èyí tó kéré jù tó lè gbé. Báàfù méjì tó jẹ́ 8, tí ẹ bá so wọ́n pọ̀ sójú ihò kan náà, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, wọ́n ti di 4. Mẹ́rin á di 2. Ibẹ̀ ni ẹ̀fin ti ń wá! Ọjọ́ ìsìnkú, ará kan á gbé báàfù tirẹ̀ wá, òmíràn á gbé tirẹ̀ wá, wọ́n á so gbogbo rẹ̀ mọ́ áńpílì ẹgbẹ́. Orin á dún dáadáa fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà òórùn jíjóná á gba ibẹ̀, owó àjọ ọdún kan á sì ti lọ.

Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà dB, bóyá 87, bóyá 90, bóyá 93. Òun ló ń sọ bí báàfù ṣe ń dún tó pẹ̀lú wáàtì 1 ní mítà 1. Àwọn tó ń rajà kì í wò ó, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dín ìnáwó kù. Báàfù 93 máa fi wáàtì 25 dún tó bí báàfù 87 ṣe ń fi wáàtì 100 dún. Bí ẹ bá sì kúrò lórí áńpílì wáàtì 50 bọ́ sórí 100, dB 3 péré lẹ jèrè. Ẹ ò rí i báyìí pé báàfù tó dáa sàn ju áńpílì ńlá lọ?

Báwo la ṣe ń mú wọn bára mu? Tí báàfù bá jẹ́ wáàtì 100 RMS, óòmù 8, ẹ wá áńpílì tó ń tú wáàtì 80 sí 150 RMS jáde ní óòmù 8 kan náà, kí ẹ má sì ṣí i dópin. Ẹ má rò pé èyí tó kéré gan-an ò lè ba nǹkan jẹ́ o. Áńpílì kékeré tí wọ́n ṣí dópin, ohùn rẹ̀ á máa fọ́, ohùn fífọ́ yẹn ló sì ń jó báàfù kékeré tó ń gbé ohùn òkè.

Iná ńkọ́?

Iná SBEE tiwa jẹ́ fóòtì 220. Áńpílì àlòkù tó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ 120, ti Japan lè jẹ́ 100. Tí ẹ bá kì í bọ iná wa, ó lè jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní 220 tàbí 230 tàbí 220–240. Tí ọlọ́jà bá ní òun ti pààrọ̀ orí wáyà rẹ̀, ẹ sọ fún un pé orí wáyà kì í yí iná padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo sólà, ẹ bi wọ́n bóyá áńpílì náà jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní classe D. Kì í fi iná ṣòfò bíi ti àtijọ́, kì í sì í gbóná púpọ̀.

Báwo lẹ máa pín owó?

Ká ní 100 000 sẹ́fà ló wà lọ́wọ́. Iye ọjà kọ́ lèmi ń sọ o, bí a ṣe lè pín in ni. Ẹ mú 50 000 sọ́tọ̀ fún báàfù, 30 000 fún áńpílì, kí 20 000 wà fún wáyà, máíkì àti ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró déédéé. Wáyà báàfù kò gbọdọ̀ tín-ín-rín ju 1.5 lọ, tó bá gùn ju mítà 10 lọ, ẹ ra 2.5. Kó jẹ́ bàbà gidi.

Tí ẹ bá dé ọjà, ẹ gbọ́ ohùn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀, ẹ má gbọ́ orin nìkan, torí orin máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹ dán ọwọ́ ọ̀tún wò, ẹ dán ọwọ́ òsì wò. Ẹ pa ohùn rẹ̀ sí òdo, ẹ fetí sí i bóyá ó ń kùn. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ fọwọ́ kan orí rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ìwé.

Etí kò ní àrọ́pò

Àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé etí lè gba dB 85 fún wákàtí 8 lóòjọ́. Gbogbo ìgbà tí dB 3 bá gun orí rẹ̀, àkókò náà á pín sí méjì: 88 di wákàtí 4, 94 di wákàtí 1, 100 di ìṣẹ́jú 15. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé níbi ayẹyẹ, kí ìpíndọ́gba ohùn má kọjá 100.

A ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́n, ṣùgbọ́n a ní ẹnu. Tí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ohùn náà ti pọ̀ jù. Kí ìyá tó pọn ọmọ má jókòó síwájú báàfù. Ẹ gbé báàfù ga kọjá orí èèyàn, kí ẹni tó wà níwájú má baà jìyà kí ti ẹ̀yìn tó gbọ́. Tí etí ẹnì kan bá ń hó títí di ọjọ́ kejì, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí ariwo bá pa nínú etí kì í hù padà.

Ẹ jíròrò rẹ̀

Lẹ́yìn ètò yìí, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dáhùn mẹ́ta: Kí ni a fẹ́ fi ẹ̀rọ yìí ṣe? Óòmù mélòó ló wà lẹ́yìn báàfù tí a ti ní nílẹ̀? Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, tí yóò sì lẹ́nu láti sọ pé "rárá" lọ́jọ́ tí ará bá gbé báàfù kẹta dé? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹni tí ẹ ń rán lọ Parakou mú un dání.