Àárẹ̀ Tí Kò Lọ Lẹ́yìn Ìbímọ

Ẹ̀yin abiyamọ, bí ẹ bá ti bímọ láti bí oṣù mélòó kan, tí àárẹ̀ kò fi yín sílẹ̀, tí òtútù sì ń mú yín níbi tí ooru ti ń mú ẹlòmíràn, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi “àìsùn ni” pa yín lẹ́nu mọ́. Ó lè jẹ́ pé táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà níwájú ọrùn, ni ó ń jó àjórẹ̀yìn.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní TSH ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni TSH ti ń wá, ó sì ń gún táírọ́ìdì ní kẹ́sẹ́ bí ẹlẹ́ṣin ti ń gún ẹṣin. Bí ẹṣin bá ń lọ́ra, kẹ́sẹ́ a pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí TSH bá ga, táírọ́ìdì ni agbára rẹ̀ dínkù. Bí ẹ bá ń lo biotin fún irun, ẹ dá a dúró fún ọjọ́ 2 ó kéré tán ṣáájú àyẹ̀wò, nítorí ó lè yí èsì padà.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí Jeffrey Bland àti Susan aya rẹ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ “functional medicine” sílẹ̀ ní 1991, àwọn oníṣègùn kan a máa to àyẹ̀wò itọ́, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú tèmi, àpò yín ni ìyẹn yóò kọ́kọ́ gbẹ.

Bí dókítà bá kọ levothyroxine fún yín, ẹ lè máa fún ọmọ lọ́mú lọ.