Kí Ẹ Tó Tẹ̀ka: Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọmọ Relf àti Owó Ìrànwọ́ Ìjọba

(Ohùn tí admin fi sórí group lálẹ́ Ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí ariwo ọjà kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn dáadáa.)

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa béèrè níbí pé ṣé òótọ́ ni pé ìjọba lè ní kí tálákà má bímọ mọ́ kó tó fún un lówó oúnjẹ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ní Amẹ́ríkà gan-an.

Ọdún 1973 ni, ní ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ìdílé Relf, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, owó ìrànwọ́ ìjọba ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ní ọmọbìnrin: Minnie Lee jẹ́ ọmọ ọdún 14, Mary Alice jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ilé ìtọ́jú kan tí owó ìjọba àpapọ̀ ń gbé ró ti ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn lóyún. Nínú oṣù June, àwọn nọ́ọ̀sì wá gbé wọn pẹ̀lú ìyá wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n gbé ìwé síwájú ìyá. Ìyá ò mọ̀wé kà, ó fa àmì X sí i. Ó rò pé abẹ́rẹ́ yẹn náà ni. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ náà, wọ́n dí ọ̀nà ọmọ wọn pa. Ọmọ ọdún 12, kò ní bímọ mọ́ láyé! Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló bọ́. Nígbà tí wọ́n wá mú òun náà, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá.

Níbo lèyí ti wá? Èrò kan ti wà nílẹ̀ tipẹ́ pé òṣì àti àìlọ́gbọ́n, àjogúnbá ni, pé bí tálákà bá ń bímọ, ẹrù ìjọba ló ń wúwo. Ní 1927, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ Carrie Buck, ọmọbìnrin kan ní Virginia. Wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ ò pé. Ara ẹ̀rí wọn ni pé ó bímọ láìlọ́kọ, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ló fipá bá a lò. Adájọ́ 8 nínú 9 ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní North Carolina, ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1933 fi èèyàn bí 7,600 jìyà irú èyí. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ lè fúnra rẹ̀ kọ orúkọ èèyàn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ náà. Ẹni tó wá wò ó bóyá ebi ń pa ọ́, òun náà ló lè ní kí wọ́n dí ọ̀nà ọmọ rẹ. Ìgbà tó di 2013 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya mílíọ̀nù 10 dọ́là sọ́tọ̀ fún àwọn tó ṣì wà láàyè.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni. Ní India, láàárín 1975 sí 1977, mílíọ̀nù àwọn ọkùnrin ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan, bí wọn ò bá gbà, wọn ò ní rí owó oṣù gbà.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ó fọwọ́ sí i?" Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo ti yá owó rí. Mo mọ̀wé, mo jáde sẹ́kọ́ńdírì, àmọ́ mi ò ka ìwé tí mo tẹ̀ka sí, torí mo ń wá owó ilé ìwé ọmọ. Béélì aṣọ méjì ni wọ́n fi gbà lọ́wọ́ mi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ kì í lè ná ọjà. Mo ti ra béélì mìíràn. Ilé ọmọ kò sí lọ́jà.

Ohun tí adájọ́ Gesell rí náà nìyẹn nígbà tí ẹjọ́ àwọn Relf dé iwájú rẹ̀ ní 1974. Ó ní wọ́n ti halẹ̀ mọ́ àwọn tálákà kan pé àwọn á dá owó ìrànwọ́ wọn dúró bí wọn ò bá gbà. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe òfin fún ibi tí owó ìjọba àpapọ̀ bá ti ń ṣe é: onítọ̀hún gbọ́dọ̀ pé ọdún 21, wọ́n á dúró ọjọ́ 30 lẹ́yìn tó bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ṣàlàyé ní èdè tó gbọ́, wọn ò gbọdọ̀ gbé ìwé fún obìnrin tó ń rọbí lọ́wọ́, wọ́n á sì sọ fún un pé bó bá kọ̀, owó rẹ̀ ò ní dúró.

Kí ó má di pé ẹnì kan á ní admin ń sọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí láìdáa. Èmi fúnra mi ṣe é lẹ́yìn ọmọ kẹrin. Èmi àti bàbá wọn la jọ sọ ọ́, nọ́ọ̀sì ṣàlàyé, mo lọ sílé, mo rò ó, mo padà wá. Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Àwa tí à ń gbé lájò, èdè tí wọ́n ń sọ lọ́sibítù lè má yé wa dáadáa. Torí náà, ẹ béèrè: kí ni wọ́n fẹ́ ṣe gan-an? Ṣé ó ṣeé tú padà? Bí mo bá ní rárá, kí ni màá pàdánù? Bí wọn ò bá dáhùn lédè tó yé yín, ẹ gbé ìka yín sápò. Ẹ pe ẹni tó gbọ́ èdè yẹn nínú group yìí, àárọ̀ tàbí òru, ẹ má tijú.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa obìnrin. Ọlọ́run á bù sí ọjà wa. Ó dàárọ̀ o.