Iṣẹ́ Tó Wà Láàárín Fóònù àti Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé ní Ṣómólú

Bí àgbàlagbà bá kú ní Èkó, tí àwọn ọmọ sì fẹ́ ṣe ìsìnkú ẹ̀yẹ, kì í pẹ́ tí ẹnìkan nínú ẹbí fi máa yà sí Ṣómólú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ pósítà, ìwé ètò ìsìn, kálẹ́ńdà àti káàdì ìpè. Ariwo ẹ̀rọ Heidelberg ni àlejò máa ń kọ́kọ́ gbọ́, àwọn ẹ̀rọ Jámánì tó jẹ́ pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tó dé ìdí ẹ̀rọ, ó ti kọ́kọ́ gba ọwọ́ ẹnìkan tó jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú yàrá kótópó. “Graphics” ni wọ́n ń pe iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń gba àwòrán, tó ń to ọ̀rọ̀ sí i, tó ń múra fáìlì sílẹ̀ kí wọ́n tó sun ún sórí pléètì. Lójú tèmi, ọwọ́ rẹ̀ ni dídára iṣẹ́ wà ju ọwọ́ ẹni tó ń wa ẹ̀rọ lọ. Síbẹ̀, bébà, íńkì àti pléètì ni oníbàárà máa ń dúró ná. Owó tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ní kó yọ kúrò.

Iṣẹ́ mímúra ohun títẹ̀ sílẹ̀ yìí ti pẹ́ láàárín wa. Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà òjé níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìgbà náà ni fíìmù dé, tí àwọn oníṣẹ́ ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì oníná, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kọ̀ǹpútà ló gba iṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Ojú àwòrán ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àwòrán ìyá tí gbogbo ọmọ fẹ́ràn ni èyí tí wọ́n yà níbi ìgbéyàwó kan, tí ìyá jókòó láàárín èrò. Ó ti lọ yíká WhatsApp ẹbí, láti fóònù dé fóònù. Tó bá gùn ní 4000 píksẹ́lì lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, ó ti lè di 1600, nítorí WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀ kó má baà jẹ dátà. Wọ́n wá ní kí graphics yọ ojú ìyá nìkan jáde. Ojú náà kò ju 400 píksẹ́lì lọ ní fífẹ̀. Bẹ́ẹ̀, fún bébà dídán tí ènìyàn máa mú lọ́wọ́, 300 píksẹ́lì nínú íǹṣì kan ni oníṣẹ́ ìtẹ̀wé ń fẹ́. Ohun tí 400 lè gbé dáadáa kò ju ìwọ̀n fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ. Pósítà A3 sì fẹ̀ ju íǹṣì 11 àti ààbọ̀ lọ. Tí ojú yẹn bá kún un, nǹkan bíi 34 píksẹ́lì ló máa wà nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bu omi lé ọbẹ̀ kí ìkòkò lè kún kò fi adùn kún un.

“Ṣebí ó mọ́ kedere lójú fóònù mi?” Bí graphics bá ní àwòrán ò ní mọ́, ìdáhùn tó sábà máa ń gbọ́ nìyẹn. Ó mọ́ lóòótọ́, nítorí ojú fóònù kéré. Graphics tó mọṣẹ́ ò ní jiyàn. Á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ya fọ́tò yìí gan-an? Ẹ ní kó fi èyí tó wà lórí fóònù tirẹ̀ ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, kó má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò.” Dókúmẹ́ǹtì kì í dín kù lójú ọ̀nà. Bó bá sì jẹ́ fọ́tò àtijọ́ tó wà nínú férémù, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ gíláàsì, kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ sikáánà ní 600 píksẹ́lì nínú íǹṣì kan. Ó máa lè tóbi ní ìlọ́po méjì láìṣú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi fóònù ya férémù lábẹ́ gílóòbù ti ya iná àti gíláàsì mọ́ ọn.

Ní báyìí, àwọn kan ń lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àwòrán kékeré di ńlá. Ó wúlò níbi ilé tàbí mọ́tò. Ojú ènìyàn ni mo ń bẹ̀rù rẹ̀ fún. Ohun tí kò sí nínú fáìlì, ṣe ni ẹ̀rọ ń méfò rẹ̀, á fi ara dídán àti eyín tó tò dáadáa dí i. Ìyá tó kọ àbàjà lè jáde láìní ilà kankan lẹ́rẹ̀kẹ́. Èyí burú ju àwòrán tó ṣú lọ, nítorí ìyá ẹlòmíràn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Graphics tó bá rí i, tó sì sọ fún àwọn ọmọ, ti ṣe oore ńlá.

Àwọ̀ náà ń dá ìjà sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni fóònù ń pò pọ̀. Íńkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní: sáyánì, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú. Àwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ lè dé tí íńkì ò lè dé. Aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé títàn á jáde ní ṣíṣú lórí ìwé ètò ìsìn, búlúù tó ń kọ mànà á sì fẹ́ fara jọ elésè àlùkò. Kò sí ẹ̀rọ tó lè yẹ èyí sílẹ̀ pátápátá. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí graphics ti yí fáìlì sí íńkì mẹ́rin láti ìbẹ̀rẹ̀, kí oníbàárà sì rí ohun tó máa gbà kó tó sanwó.

Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo pósítà èyíkéyìí, ẹ ó rí i pé tótó kéékèèké ni gbogbo rẹ̀, àwọ̀ mẹ́rin tó wọnú ara wọn. Lórí ẹ̀rọ tó ń tẹ àwọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, bébà kan náà máa gba ìdí ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin, bẹ́ẹ̀ bébà máa ń fa ọ̀rinrin mu, á sì gùn sí i. Tó bá yẹ̀ ní ìdajì mìlímítà péré, ètè á di méjì. Ìdí nìyí tí graphics fi gbọ́dọ̀ fi íńkì dúdú nìkan kọ lẹ́tà wẹ́wẹ́. Lẹ́tà tí wọ́n fi íńkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pò á ní òjìji pupa àti búlúù létí bí bébà bá yẹ̀.

Ní ti iye píksẹ́lì, bánà ńlá rọrùn díẹ̀ ní tirẹ̀: òdìkejì títì ni wọ́n ti ń wò ó, 100 píksẹ́lì nínú íǹṣì tó o.

Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni ìkánjú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n mú iṣẹ́ wá, ìsìnkú di ọjọ́ Ẹtì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dúró wo ẹ̀dà kan lórí bébà kí wọ́n tó sun pléètì. Tí wọ́n bá ti sun pléètì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan fún íńkì kọ̀ọ̀kan, tí ẹnìkan wá rí i pé wọ́n ṣi orúkọ ọmọ kẹta kọ, pléètì dúdú nìkan ni wọ́n máa tún sun, bó bá jẹ́ dúdú nìkan ni graphics fi kọ ọ́. Bó bá jẹ́ ojú ìyá ló ṣú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni.